Bí Mo Ṣe Bá Ọba Mòṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ Du Ọ̀sà Àjọpa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ ó rìn. Ẹni tí yóò bu omi mu, kí ó tètè bù ú, torí bí mo bá ti wọ inú ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́fúnkẹ́, ọmọ Ayédùn létí ọ̀sà. Eyín mi ti lọ tán, ẹ̀rín mi kò bá a lọ. Bàbá mi bí obìnrin bí obìnrin títí ó fi sú u. Nígbà tó wá rí i pé igi ni mo ń gùn nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń gúnyán, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ, ohùn rẹ ti pọ̀ jù fún ilé ìdáná, gbé e lọ sínú igbó." Mo sì gbé e lọ. Ẹkùn rí mi, ó yà fún mi bí ìyàwó ṣe ń yà fún ìyá ọkọ. Ẹfọ̀n rí mi, ó ṣe bí ẹni pé koríko ni òun ń wá. Orin ni mo sì fi ń ṣọdẹ. Ọdẹ tí ń yọ́ rìn ni ẹranko mọ̀. Ọdẹ tí ń kọrin bọ̀, wọn kò rí irú rẹ̀ rí, ìyanu ni yóò mú wọn dúró máa wò mí títí ọta yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi wa ti rí, kí ẹ má baà ṣìnà. Ìlú mẹ́ta ló yí Ọ̀sà Àjọpa ká: Ayédùn tiwa, Ìdógun, àti Oríyanrìn. A jọ ń pẹja níbẹ̀ láti ayébáyé, a sì jọ ń bú ara wa níbẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tí omi bá pa, a kì í gbé e wọ̀lú. Etí omi ni a ń sin ín sí, ẹni tó ni omi ni yóò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Olómi yóò fá orí kodoro, yóò ká àwọ̀n rẹ̀ kọ́ sórí igi, kò ní ju ohunkóhun sínú omi, kò ní yọ ohunkóhun níbẹ̀, títí oṣù tuntun yóò fi lé. Kí ẹ̀yin náà jẹ́ apẹja, kí ẹ gbé oṣù kan láìpẹja, kí lẹ ó jẹ? Nítorí náà, bí òkú bá léfòó ní apá Ìdógun, wọn a fi àjẹ̀ rọra tì í sápá Oríyanrìn. Oríyanrìn a tì í sápá Ayédùn. Ayédùn a wo ọ̀tún wo òsì, a tì í padà. Olóògbé a máa yí káàkiri bí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà, títí yóò fi sú u tí yóò sì rì padà. Bó bá di ọjọ́ ẹja, gbogbo wa la ni omi. Bó bá di ọjọ́ òkú, omi kò ní olúwa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a óò lò ó.

Lókè ọ̀sà náà ni Igbó Ìràwé wà. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, wọn kì í ṣe ẹranko. Ewé ló ń hù lórí wọn dípò irun, ewé gbígbẹ ni wọ́n sì ń jẹ nígbà náà. Àwọn baba wa a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ará Ìràwé, ẹ kú oúnjẹ ewúrẹ́!" Wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní àwọ̀n, wọn a dúró lẹ́yìn igi máa wo omi bí ọmọ ọ̀lẹ ṣe ń wo ìkòkò ìdílé mìíràn. Àfi ìgbà tí ọba tuntun jẹ láàárín wọn, tó ń jẹ́ Mòṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ohun tó fún wọn jẹ. Kí a tó mọ̀, igi ń wó gbì-gbì nínú igbó, èéfín ń rú, àwọn tó rù lánàá ti sanra lónìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da iyanrìn sí àárín ọ̀sà, iyanrìn di òkìtì, òkìtì di erékùṣù, wọ́n sì ri màrìwò mọ́ orí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ààlè sí oko. Ẹni tó bá pẹja kọjá ààlè, wọn a gbé e tọkọ̀tọkọ̀.

Akínnúsì ni wọ́n gbé gbẹ̀yìn. Akínnúsì ni ọkọ ọmọ mi, Ìbídàpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé jọ. Ìdógun ní Ayédùn ló fà á, Ayédùn ní Oríyanrìn ló fà á, Oríyanrìn ní àwọn kò tíì jẹun. Mo dìde láàárín wọn, mo lọ mú ìbọn mi lókè àjà.

Ìbídàpọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ikùn dí i. "Ìyá mi, ẹ má lọ. Ẹ ti dàgbà."

Mo ní, "Ta ló dàgbà? Ikùn rẹ ló dàgbà. Yà fún mi."

Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bí n bá bímọ kí ẹ tó dé ńkọ́? Ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bàbá rẹ̀ ni. Mo fẹ́ lọ pè é wá."

Mo wọ igbó. Oorun tí mo sùn àti iṣu tí mo sun kò kàn yín. Orin yìí ni mo ń kọ lọ:

Mò ń lọ o, mò ń lọ,
Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè.
Ẹni tó gbé ọkọ ọmọ mi,
Ilé rẹ̀ ni mo fẹ́ dé jẹun.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ pàdé ni àwọn arùyanrìn. Orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ọrùn wọn ti wọ inú àyà lọ nítorí ẹrù, wọ́n ń tò lọ tò bọ̀ bí ìjàlọ, wọ́n ń ru iyanrìn lọ sétí omi. Mo kí wọn, wọn kò dáhùn. Mo fi ẹnu ìbọn gbá ọ̀kan nínú wọn ní ìdí pẹ́ẹ́, mo ní, "Ọ̀rẹ́, kí lẹ ń ṣe?" Ó ní, "À ń tún ilẹ̀ baba wa ṣe, ilẹ̀ tó ti wà láàárín omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan iyanrìn náà. Mo ní, "Ilẹ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀! Kí ló dé tí kò tíì gbẹ?" Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Ìlà wọn dàrú. Ẹni tó wà níwájú wo ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn wo ẹrù orí ara rẹ̀. Ni ọ̀gá wọn bá pariwo pé ọ̀tá ti wọlé, ni iyanrìn bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lé mi lórí bí òjò. Ó bò mí dé orúnkún, ó bò mí dé ìbàdí. Bí kì í bá ṣe gbòǹgbò igi kan tó na ọwọ́ sí mi, èmi náà ì bá ti di erékùṣù, kí wọ́n sì ri màrìwò mọ́ mi lórí. Mo fi gbòǹgbò náà fa ara mi yọ, mo fi bàtà mi kan sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n máa sọ pé ti baba wọn ni.

Ẹnu ibodè ni mo ti bá oníbodè, Ojúkìíkún. Ojú ló bo gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú ọ̀hún kì í sì sùn lẹ́ẹ̀kan náà: bí ti apá bá sùn, ti itan a máa ṣọ́. Ó ní, "Arúgbó, ọba kì í gba àlejò òmùgọ̀. Dáhùn èyí, bí o kò bá mọ̀ ọ́n, egungun rẹ ni a ó fi ṣe ọ̀pá àsíá. Kí ló kéré lánàá, tó tóbi lónìí, tí ibi tó sùn lánàá kò gbà á mọ́?"

Mo ní, "Ọmọ inú ọmọ mi ni."

"Irọ́ ni! Ọba wa ni."

"Àwọn méjèèjì ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ti ọmọ mi, bó bá kún tán, yóò jáde, yóò sọkún, a óò fi ọmú sí i lẹ́nu, yóò sùn. Ti ọba yín, ta ni yóò fún un lọ́mú?"

Ojúkìíkún wò mí. Ojú orí rẹ̀ ń bínú, ṣùgbọ́n ojú ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀rín gbé e. Ó fẹ́ pa á mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí gbogbo ojú ara rẹ̀ fi ń da omi wẹ̀ẹ̀, kò sì rí nǹkan kan mọ́. Ó ń fọwọ́ nu èyí, ó ń nu tọ̀hún. Àfi bí mo ṣe gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni omijé rẹ̀ yóò ṣe pọ̀.

Ààfin Mòṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Ọba jókòó sórí òkìtì ewé, ewé orí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gba ojú fèrèsé jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú omi lọ́hùn-ún. Lára ògiri, wọ́n fi osùn ya àwòrán ọ̀sà, wọ́n sì fa ìlà kan yí i ká. Ìlà náà gùn, ó rọ̀ sílẹ̀ bí ahọ́n màlúù, ó lá ẹnu ọ̀nà Ìdógun, ó lá ẹnu ọ̀nà Oríyanrìn, ó lá ibi tí mo máa ń sá aṣọ mi sí! Akínnúsì wà ní igun ilé, wọ́n so ó mọ́ òpó.

Ó rí mi, ó kígbe, "Ìyá! Ẹ̀yin náà ni wọ́n mú?"

Mo ní, "Ta ló mú mi? Èmi ni mo wá. Ìyàwó rẹ kí ọ."

Ọba sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, ó dà bí ìgbà tí a ń lọ ata lórí ọlọ. "Ìyá, jókòó. Nígbà tí babańlá mi ń jẹ ewé gbígbẹ, babańlá rẹ dúró sétí omi, ó ń nu ọ̀rá ẹja lẹ́nu, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín. Iyọ̀ ẹ̀kún ìkarahun kan, ẹ fi gba odindi eyín erin lọ́wọ́ wa. Bí ọmọ wa bá fẹ́ wẹsẹ̀, ẹ ní kó lọ wẹ̀ ẹ́ nínú ìrì. Ó dára. Ẹ̀rín yẹn ni mo jẹ dàgbà. Ẹni tó sùn ní kékeré tó jí ní ńlá, ṣé kò ní na ẹsẹ̀ ni? Ẹ ń pè é ní àjọpa. Àjọpa ni orúkọ tí olè ń sọ ohun tí olóhun kò tíì dé. Mo ti dé! Ẹ ń bi mí ní ẹ̀rí. Àbùùbùtán ńkọ́, ẹja ràbàtà tí ń ti inú òkun ńlá wá, tí ń rọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́dọọdún, tó ní òun ń ṣọ́ omi fún gbogbo ayé? Ta ló rán an níṣẹ́? Ilé rẹ̀ jìnnà, tèmi rèé. Òun tó jẹ́ àlejò ń rìn fàlàlà, èmi tí mo lè ti ojú fèrèsé tutọ́ sómi, ẹ ní kí n wá ẹlẹ́rìí. Ìlú mẹ́ta yín kéré. Ohun tó kéré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun kéré. Ọ̀rọ̀ tán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní tàn yín. Ti iyọ̀ yẹn, òtítọ́ ni. Bàbá bàbá mi ló ni ìkarahun náà. Ṣùgbọ́n bí àná bá tilẹ̀ dun ènìyàn, kò ní kí ó lọ sùn sórí ibùsùn aládùúgbò lónìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn ìjòyè rẹ̀ gbọn ewé orí wọn sí mi ṣàà, wọ́n ní kí wọ́n bẹ́ mi lórí. Ọba ní rárá, ohùn mi dára, òun yóò fi mí ṣe ẹyẹ inú àgò.

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí a ṣe àdéhùn. Ẹ ní gbogbo omi yìí ni tiyín. Bí mo bá rí ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ẹ kò lè pè ní tiyín níwájú àwọn ènìyàn yín, ẹ ó fún mi ní ọkọ ọmọ mi, ẹ ó sì fa màrìwò yín tu. Bí n kò bá rí i, n ó máa kọrin fún yín títí ikú mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú omi mi? Kò sí i. Ẹja rẹ̀, tèmi. Edé rẹ̀, tèmi. Iyọ̀ rẹ̀, tèmi. Ìjì tó ń jà lórí rẹ̀, tèmi."

"Ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́?"

"Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni tèmi jù!"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Mo fi ewé orí mi búra."

Gbogbo Ìràwé bá wa jáde lọ sórí erékùṣù iyanrìn, wọ́n wọ́ Akínnúsì dání. Oòrùn mú, omi tẹ́jú. Mo kó ẹsẹ̀ mi sómi, mo sì gbé ohùn mi sókè, ohùn tí bàbá mi ní ó ti pọ̀ jù fún ilé ìdáná:

Ẹ̀yin tí àjẹ̀ tì sókè tì sódò,
Ẹ dìde o, olómi ti dé.
Ẹ̀yin tí kò sẹ́ni tó fárí fún,
Ẹ dìde o, olómi ti dé.
Ó ní tòun ni lókè, tòun ni nísàlẹ̀,
Ẹ dìde o, ẹ wá kí olómi.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí hó. Orí yọ. Èjìká yọ. Àwọn tí ọ̀sà ti pa láti ìgbà àwọn baba wa ń gòkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: apẹja tòun ti okùn lọ́wọ́, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ọmọdé tí wọ́n lọ lúwẹ̀ẹ́. Àmì ẹnu àjẹ̀ wà láyà gbogbo wọn. Wọn kò bínú, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró yí erékùṣù ká, wọ́n ní, "Olómi, a dúpẹ́ pé ẹ dé. Ẹ fárí fún wa kí a lè sùn."

Ọba wò mí. "Kí ni èyí?"

Mo ní, "Tiyín ni, Kábíyèsí. Ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ni omi ló ń sin òkú omi. Ẹ ó fárí, gbogbo ìlú yín ni yóò fárí, ẹ kò sì gbọdọ̀ da ohunkóhun sómi, ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan kò gbọdọ̀ kàn án, títí oṣù yóò fi lé."

Ó gbà á gẹ́gẹ́ bí akọni, mo kí i. Ó ní kí wọ́n fá tòun. Ewé orí rẹ̀ já sílẹ̀, ọba sì kéré lójú wa wàyí, ó dà bí iṣu tí a họ. Ṣùgbọ́n òkú kejì ní, "Èmi ńkọ́?" Òkú kẹta ní, "Oṣù ọ̀fọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí tèmi." Lẹ́yìn wọn omi ṣì ń hó, orí ṣì ń yọ títí dé ibi tí ojú kò lè rí mọ́. Ọba wo iyanrìn rẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ọwọ́ ti wà lórí ewé gbogbo wọn, wọ́n dì í mú gírígírí. Ìjòyè kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kábíyèsí, bí a bá fárí fún gbogbo wọn, ewé wa kò ní hù mọ́ láyé."

Mòṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ fa ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kúrò nínú omi. "Àwọn wọ̀nyí," ó ní, "kì í ṣe tèmi."

Àwọn òkú yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọjú sí mi. "Bí kì í bá ṣe tirẹ̀," wọ́n ní, "ta ló ni wá?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dúró níwájú ẹkùn, ojú mi kò ṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ju ẹkùn lọ. Ohun tí ìlú mẹ́ta ti sá fún láti ayébáyé, ó ti bá mi nínú omi tó dé orúnkún. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, ọkọ ọmọ mi di ti Ìràwé, omi náà di tẹni tó bá lágbára jù. Mo rí ọmọbìnrin kan láàárín wọn tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ jẹ́ ti Ayédùn. Kò tíì tó ọmọ tí a ń rán lọ mú iná wá. Mo fa ọ̀bẹ ọdẹ mi yọ, mo di irun funfun mi mú, mo gé e, mo fá a títí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá irun sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Àwa la ni yín. Ẹ má bínú, a pẹ́." Akínnúsì kúnlẹ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi fá tèmi."

Ni ọba bá fò sókè. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti kọ omi, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kọ̀ ọ́. "Ẹ mú wọn! Ẹ̀tàn ni!" Àwọn ará Ìràwé ya bò wá tàwọn ti kùmọ̀. Mo gé okùn Akínnúsì, a bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ etí iyanrìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣẹ́ àjẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹsẹ̀ gígùn ọba ń nà bọ̀ lókè orí wa bí igi tó fẹ́ wó. Mo ní ó parí. Ọkọ̀ bá sún. Ó tún sún. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọwọ́, ọwọ́ tútù, ọwọ́ púpọ̀, lára ìdí ọkọ̀. Àjẹ̀ ni a fi tì wọ́n lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi tì wá bọ̀.

Ọba ń pariwo lẹ́yìn wa pé, "Òkú lo jẹ lérè! Kó òkú rẹ lọ!"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, Kábíyèsí! Gbogbo Ìràwé ti gbọ́ lẹ́nu yín pé tèmi ni wọ́n!"

Nígbà tí àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wa, àwọn àgbà na ọwọ́ sí àjẹ̀. Ìṣe àtijọ́ kì í tètè kú. Ìbídàpọ̀ ni ó kọjá láàárín wọn tòun ti ikùn rẹ̀. Ó wo orí ọkọ rẹ̀ tó ń dán, ó wo tèmi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ dà bí ẹyin." Ó bọ́ gèlè, ó kúnlẹ̀ sétí omi, ó na orí rẹ̀ sí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò dúró? Ìdógun fárí, Oríyanrìn fárí, Ayédùn fárí. Àwọn òkú ní nígbà tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ fárí, oṣù kan tó fún gbogbo àwọn. A gbẹ́ ilẹ̀ etí omi títí ọwọ́ fi bó. Ebi pa wá lóṣù náà, kì í ṣe díẹ̀, ewé gbígbẹ la ń jẹ, bí ará Ìràwé ìgbà kan. Inú oṣù náà ni Ìbídàpọ̀ bímọ, bàbá rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ: Olómidé.

Ẹ má rò pé Mòṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ ti lọ. Ewé orí rẹ̀ ti hù padà, ó tún tóbi sí i. Erékùṣù rẹ̀ ṣì wà láàárín omi, àwọn lékeléke ń yàgbẹ́ sí i lórí. Ó fa màrìwò tu lọ́jọ́ kan, ó tún ri í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ń gbin igi, ó ń mọ odi, ó ń wò wá. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí omi bá mú ẹnì kan, àjẹ̀ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò máa sáré, a ó máa ti ara wa, a ó máa bú ara wa pé, "Tiwa ni! Ẹ fi sílẹ̀, tiwa ni!" nítorí ta ni yóò kọ́kọ́ gbé e mọ́ra. Èmi arúgbó yìí ni mo máa ń kọ orin wọn, kò sì sí ìgbà tí mo kọ ọ́ tí n kì í gbé ojú sókè wo erékùṣù yẹn. Ọba a dúró níbẹ̀ tòun ti ogun rẹ̀, ewé orí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó ní ojú, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀ gígùn. Kò tíì tún fárí.